Ohùn Ni Tèmi, Ọ̀rọ̀ Ni Tiwọn

Bí ẹ bá gbé rédíò tó ti kú lọ bá Jágaara, kò ní bi yín ní ohun tí ẹ fi ń gbọ́. Yóò gbé e sétí, yóò mì ín díẹ̀, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú sípíkà rẹ̀ bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Nígbà tó bá tún un ṣe tán, yóò ní, "Ó já gaara," yóò sì panu dé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lẹ̀ mọ́ ọn lára tó fi di orúkọ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ládùúgbò, àfi kí ẹ béèrè Jágaara, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ogójì ọdún ó dín méjì ló ti fi ṣe iṣẹ́ yìí. Rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé rédíò wá mọ́, ó gbájú mọ́ àwọn sípíkà ńláńlá tí wọ́n fi ń bá èrò sọ̀rọ̀. Oníwàásù ń gbé tirẹ̀ wá, olóṣèlú ń gbé tirẹ̀ wá, ẹni tó ń ta oògùn eku ń gbé tirẹ̀ wá. Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ń bú ara wọn tìyá-tìyá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń tún sípíkà tí wọ́n fi ń bú ara wọn ṣe. Ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà náà pé ṣé ọkàn rẹ̀ gbà á. Ó ní, "Ohùn ni tèmi, ọ̀rọ̀ ni tiwọn." Ó fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ọ̀pọ̀ ohun tó dùn létí ló sì ti kó èèyàn sí wàhálà.

Ó ní etí, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí sípíkà bá ń hó, ó mọ̀ bóyá wáyà ló já ni, àbí omi ló wọ̀ ọ́, àbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ki máìkì bọ ẹnu. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn tí ẹ̀rọ gé àti ohùn tí ọ̀fun gé. Ṣùgbọ́n kí etí náà lè mú tó bẹ́ẹ̀, ó ti kọ́ ara rẹ̀ láti má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ lè fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí sípíkà tó ń dán wò, kó má mọ ẹyọ kan nínú ohun tí ẹ sọ. Iṣẹ́ ló pe ìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Aláago, tó ń tún aago ṣe, jẹ́ yàrá kan tí wọ́n fi pákó pín sí méjì. Ojú igi kan ti yọ kúrò lára pákó náà, ó sì fi ihò tó tó ẹyin adìyẹ sílẹ̀. Inú ihò yìí ni wọ́n ti ń na irinṣẹ́, búrẹ́dì àti èébú sí ara wọn. Aago tó tó ogójì ló wà lára ògiri Aláago, kò sì sí méjì tó fẹnu kò. Jágaara a ní, "Sọ fún àwọn ọmọ rẹ kí wọ́n dákẹ́, mò ń ṣiṣẹ́." Aláago a ní, "Èwo nínú wọn ló ń parọ́? Fà á wá kí n nà án." Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó ṣì ń pa àwọn méjèèjì lẹ́rìn-ín.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Jágaara bí, obìnrin, tíṣà ni. Nígbà tí ìyá ọmọ náà kú, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Tíṣà ń fẹ́ ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì lè jókòó gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn òkú, kì í sì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ. Ìdí tábìlì iṣẹ́ ló sá sí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń tẹ orí ba wáyà, tí ọmọ náà bá sì wọlé, a ní kó fún òun níṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tó wá jókòó ti ọmọ ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ọ̀nà Tààrà. Wọ́n bá a fọ abọ́, wọ́n bá a gbàdúrà, wọ́n sì bi í pé báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá bi ọlọ́fọ̀ nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti rà á. Èmi kò dá ọmọ náà lẹ́bi, bàbá rẹ̀ ló fi àyè sílẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni ẹgbẹ́ náà ń pàdé, ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Wọ́n ní àṣà kan: bí ìpàdé bá fẹ́ parí, wọn a ka orúkọ. Níbẹ̀rẹ̀, orúkọ aláìsàn ni wọ́n ń kà, kí gbogbo èèyàn lè gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n fi orúkọ àwọn tó ṣe dáadáa kún un. Nígbà tó yá, Aṣíwájú wọn bá olóṣèlú kan mulẹ̀, wọ́n wá ń gbé ìwé kiri ojúlé kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n dìbò fún, ẹni tí kò bá sì gbà, ọ̀tá gbogbo wa ni. Ẹni tí kò fọwọ́ sí i ni wọ́n wá ń ka orúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti kà á, ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ rà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ tà fún un, kò gbọdọ̀ kí i. Wọ́n máa ń fi ìnagijẹ àti iṣẹ́ onítọ̀hún kún orúkọ náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣi èèyàn mú. Ìbáwí ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ìfẹ́ ni.

Tíṣà ló ń ka orúkọ, nítorí ohùn rẹ̀ dára. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú sípíkà, òun ló sì ń jókòó ti ẹ̀rọ ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Wọ́n rò pé ó ti di tiwọn. Ohun tó ń gbé e lọ síbẹ̀ ni pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ fún odidi wákàtí kan.

Nígbà tí ìwé náà dé ṣọ́ọ̀bù wọn, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Jágaara kò kà á. Ó fọwọ́ sí i bí ẹni tó gba iṣẹ́ oníbàárà, ó sì padà sídìí wáyà rẹ̀. Aláago kà á láti òkè délẹ̀, ó sì dá a padà. Ó ní, "Ọmọ mi, wo aago. Ọwọ́ gígùn ń sáré, ọwọ́ kúkurú ń rọra lọ, wọn kì í jọ rìn, síbẹ̀ aago kan náà ni wọ́n ń sọ." Ó rẹ́rìn-ín, Jágaara náà rẹ́rìn-ín láti inú ihò. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ, sípíkà apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí hó. Orúkọ ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́nu Tíṣà, ariwo ń bò ó. Ọwọ́ Jágaara kò dúró kó ronú. Ó na ìka sí bọ́tìnnì, ó yí i díẹ̀ sí ọ̀tún, ó tún fi ìka kejì tẹ wáyà mọ́lẹ̀, ariwo lọ. Tíṣà tún orúkọ náà kà. Ó tàn ká gbogbo pápá, ó kọjá ilé ìwé, ó dé òpópónà: orúkọ tí wọ́n sọ Aláago, ìnagijẹ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ìgbà tí ó já gaara tán ni Jágaara tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Inú rẹ̀ bà jẹ́, kò sì dìde. Ó jókòó títí ìpàdé fi parí, ó sì ká wáyà rẹ̀ bó ṣe máa ń ká a.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Aláago ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi ẹnu sí ihò, ó ní, "Jágaara, ṣé o jí dáadáa?" Oníbàárà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wà lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù Jágaara, ó ń dúró de rédíò rẹ̀. Jágaara tẹ orí ba. Aláago rò pé kò gbọ́ ni, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Jágaara ń wá nǹkan nínú rédíò tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, àwọn ọ̀dọ́ kan ju òkúta. Wọ́n fọ́ gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù Aláago, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aago tí èèyàn kó fún un fọ́. Aṣíwájú gbọ́, ó ní ó dun òun, ó ní kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́. Bóyá òótọ́ ló sọ. Tíṣà kà, kò ju òkúta. Jágaara yí bọ́tìnnì, kò kà. Gbogbo wọn ni ọwọ́ wọn mọ́, àfi gíláàsì tó wà nílẹ̀. Aláago di ẹrù díẹ̀ àti àwọn aago tó kù lọ́jọ́ náà, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ìlú mìíràn.

Jágaara wá ní ìdákẹ́jẹ́ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sí aago kankan tó ń dún mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló na búrẹ́dì sí ihò kó tó rántí. Ó fi àkísà dí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó yọ àkísà náà, nítorí dídí rẹ̀ burú ju ṣíṣí rẹ̀ lọ. Ó ń gbọ́ mími ara rẹ̀. Ó ń dá wà, ó sì mọ̀ pé òun lòun fọwọ́ òun fà á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Aláago dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù láti wá kó irinṣẹ́ rẹ̀ tó kù. Jágaara jáde, ó fẹ́ bá a gbé àpótí. Aláago jẹ́ kó gbé e. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ẹ̀yìn ọkọ̀, Jágaara ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun kó tó jáde lẹ́nu ọmọ òun, pé kò sí ohun tí òun mọ̀ nípa rẹ̀.

Aláago ní, "Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Mo ń gbọ́ ọ láti ibí. Ó kọ́kọ́ ń hó, mo ní bóyá kì í ṣe èmi. Lẹ́yìn náà ló já gaara. Mo ní háà, ọ̀rẹ́ mi wà nídìí ẹ̀."

"Ohùn ni tèmi," Jágaara bẹ̀rẹ̀, kò lè parí rẹ̀.

"Ẹni gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àbí bàbá tìẹ kò kọ́ ẹ?" Kò pariwo. Ó ń fi okùn di àpótí bó ṣe ń sọ ọ́. "Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Àwọn tó ju òkúta, mi ò mọ̀ wọ́n. Ìwọ ni mo kí."

Ó wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Jágaara dúró lójú títì títí tí obìnrin tó ń dirun ní òdìkejì, Onídìrí, fi ní, "Bàbá, ẹ kúrò lójú oòrùn." Ó kúrò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Tíṣà fi ọkọ̀ gbé sípíkà apá òsì wá. Ó ti jábọ́ nínú ọkọ̀. Ó ní olóṣèlú yẹn fúnra rẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé, pápá máa kún, àwọn fẹ́ kó ti wà ní ṣíṣe tán. Jágaara gbé e kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀, ó mọ ohun tó ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí kò béèrè rí ní ogójì ọdún ó dín méjì.

"Kí lẹ fẹ́ fi sọ?"

Ó ya Tíṣà lẹ́nu. Bóyá ìyàlẹ́nu náà ló jẹ́ kó na ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Ẹnì kẹrin ni agbẹ̀bí àgbàlagbà tó gbẹ̀bí ìyá Tíṣà lọ́jọ́ tí wọ́n bí Tíṣà gan-an. Jágaara kà á tán, ó ká ìwé náà, ó dá a padà. Ó lè parọ́. Kó kàn ní sípíkà náà ti kú pátápátá, kò sí ẹni tó máa já a ní irọ́ láàárín ìlú. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì.

Ó ní, "Iṣẹ́jú mẹ́wàá ni, wáyà kan ló já. Mi ò ní ṣe é."

"Bàbá, iṣẹ́ yín ni. Ẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe tiyín."

"Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Tíṣà jókòó lórí àga oníbàárà. Ó ní bàbá òun kò mọ àwọn èèyàn náà. Ó ní àwọn ló jókòó ti òun nígbà tí ilé dá páropáro, àwọn ló kọ́ òun pé ayé ní ìlànà, àti pé bí wọ́n bá gba ẹnì kan láyè kó ya sọ́tùn-ún, ẹlòmíràn á ya sósì, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ á sì wó. Ó gbà á gbọ́. Kò sí ìwà ìkà kankan lójú rẹ̀, ohun tó tilẹ̀ bani lẹ́rù níbẹ̀ nìyẹn.

Jágaara ní, "Èmi ló yẹ kí n jókòó tì ẹ́ nígbà yẹn. Mo sá. Má bínú." Ó pa irin tó fi ń lẹ wáyà, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ó dáa, mo ti jókòó báyìí. Sọ fún mi bí màmá ẹ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín."

Tíṣà la ẹnu. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bí ẹni pé ó máa sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní, "Ẹ mọ̀ pé orúkọ yín ni wọ́n máa ní kí n kà."

"Mo mọ̀."

"Mi ò sì ní lè wá síbí mọ́."

"Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n."

Ó tẹ̀ ba láti gbé sípíkà náà, ó wúwo jù fún un. Bàbá rẹ̀ bá a gbé e dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì fi àkísà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má bàa tún fara gbá.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó gbé àga rẹ̀ síta ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti wá ẹlòmíràn tún sípíkà náà ṣe, iṣẹ́ náà kò sì dára. Ó ń hó láti ìbẹ̀rẹ̀. Olóṣèlú sọ̀rọ̀, Aṣíwájú sọ̀rọ̀, Jágaara sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ó rẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ní òdìkejì, Onídìrí ń dirun fún oníbàárà kan, àwọn méjèèjì ń tẹ́tí láti mọ ẹni tí wọ́n máa kà lọ́tẹ̀ yìí.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀. Ó ka ọ̀kan, ó ka èkejì, pẹ̀lú ìnagijẹ, pẹ̀lú iṣẹ́. Ó ka agbẹ̀bí. Nígbà tó ka mọ́kànlá tán, ó wá ka orúkọ kejìlá. Orúkọ tí bàbá bàbá rẹ̀ sọ bàbá rẹ̀ ni. Kò fi Jágaara kún un, kò fi iṣẹ́ kún un, kò sì sọ ibi tí onítọ̀hún ń gbé. Ní àárín orúkọ náà, ohùn rẹ̀ gé.

Ìka Jágaara ti na jáde, ó ti yí bọ́tìnnì tí kò sí níbẹ̀. Ó dá ọwọ́ náà dúró lórí itan rẹ̀. Kì í ṣe wáyà. Ogójì ọdún ó dín méjì, kò lè ṣi ìyẹn gbọ́. Ọ̀fun ọmọ òun ló gé e. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ní òdìkejì, oníbàárà ń bi Onídìrí pé ta ni wọ́n pè kẹ́yìn. Onídìrí ní òun kò gbọ́ ọ yé, ẹ̀rọ burúkú wo tilẹ̀ nìyẹn. Ó na ọrùn, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ta ni wọ́n pè yẹn?"

Ó lè ní òun náà kò gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ fún un, ó sì mọ ohun tó ná ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó rántí orúkọ kan tó ń hó, tó yẹ kí òun ti jẹ́ kó máa hó lọ. Ó dìde. Ó sọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, lódindi, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń dán máìkì wò.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi Jágaara."

Oníbàárà wo ilẹ̀. Ọwọ́ Onídìrí dúró nínú irun. Ó wo òkè títì, ó wo ìsàlẹ̀ títì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí dirun. Jágaara kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òun alára kò dá Aláago lóhùn. Ó jókòó padà, ó gbé rédíò kan lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u.

Ó pẹ́ díẹ̀. Oníbàárà san owó, ó lọ. Onídìrí gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọlé, ó gbá irun ilẹ̀ jọ, ó sì fa ilẹ̀kùn dé ku díẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ló ti sọ ọ́, lábẹ́ ẹnu, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

Kò já gaara rárá. Jágaara gbọ́ ọ.